Bàbá Mi Tẹ ‘Mo Gbà’ Láì Kà Á: Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú lóṣù yìí. Iṣẹ́ abẹ ojú ni gbogbo wọn dá lé, fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì sì wà nínú gbogbo wọn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní yàrá iṣẹ́ abẹ ojú, dókítà á ní “a máa ṣe é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,” aláìsàn á ní “ẹ ṣé, sà,” ọ̀rọ̀ bùṣe. Mi ò sọ pé kí a padà síbẹ̀ o. Àmọ́ ti ìsinsìnyí náà ní wàhálà tirẹ̀, bí ẹ ṣe máa rí i.

*

“Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Dókítà ní kataráàtì, ìyẹn kùrukùru tó ń bo lẹ́ńsì inú ojú, wà ní ojú wọn méjèèjì, pé àwọn lè kọ́kọ́ ṣe ti ọ̀tún. Ilé ìwòsàn wá fi líǹkì kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi, pé kí bàbá fi pinnu bóyá wọ́n fẹ́ ṣe é àbí wọ́n máa dúró ná. Mo gbé fóònù fún wọn, mo yà sí yàrá kejì. Kí n tó padà, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán! ‘Mo gbà’ ni wọ́n tẹ̀ síbi gbogbo. Mo ní kí ni wọ́n kà, wọ́n ní, ‘Èwo ni kíkà? Ṣebí dókítà ló mọ̀ ọ́n.’ Ṣé kí n jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀? Ṣé nǹkan yìí tiẹ̀ wúlò, àbí ilé ìwòsàn fi ń gba ara wọn lọ́wọ́ ẹjọ́ ni?” — Ọmọ Bàbá

Ọmọ Bàbá, má jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Má sì bá bàbá jà. Àwa la kọ́ wọn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń gbé fọ́ọ̀mù síwájú aláìsàn, tí a ń ki bírò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, tí a ń fi ìka han ibi tó máa fọwọ́ sí. Ẹni tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí láti ọdún yìí wá, báwo ló ṣe máa jókòó ka ti inú fóònù?

Nǹkan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín yẹn kì í ṣe fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí. Ìyẹn ṣì ń bọ̀ lọ́tọ̀. Irinṣẹ́ ìpinnu ni èyí: á sọ ohun tí kataráàtì jẹ́, ohun tí iṣẹ́ abẹ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, ohun tó lè ṣẹlẹ̀ téèyàn bá dúró, lẹ́yìn náà á bi aláìsàn léèrè ohun tó jẹ ẹ́ lógún. Ní 2024, àwọn olùwádìí Cochrane, ẹgbẹ́ tó máa ń kó ìwádìí ìlera jọ yẹ̀ wò, kó ìwádìí 209 jọ lórí irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ti oríṣiríṣi àìsàn, kì í ṣe ti ojú nìkan. Wọ́n rí i pé àwọn tó lò ó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n ju àwọn tí kò lò ó lọ, bí wọ́n ṣe ka ewu sí sún mọ́ òótọ́, wọ́n sì dá sí ọ̀rọ̀ ara wọn. Ó wúlò nígbà náà, fún ẹni tó bá kà á. Èyí tí bàbá tẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan yẹn, wọn ò tíì lò ó.

Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ. Lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń na irinṣẹ́ sí dókítà ojú, ó kan ojú tèmi. Ojú ọ̀tún. Níbi tí mo ti ń dúró de dókítà, wọ́n gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lé mi lọ́wọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí, tàbí kí n ní mi ò rí, ni pé lẹ́tà aláwọ̀ eérú ni wọ́n fi kọ ọ́ sórí funfun, tín-ín-tìn-tín báyìí. Ẹ gbà mí o! Ẹni tí kataráàtì bo ojú rẹ̀ ni wọ́n kọ irú lẹ́tà yẹn fún. Mo ní kí ọmọbìnrin tó jókòó tì mí bá mi fẹ̀ ẹ́. Kò rí ibi tí wọ́n ti ń fẹ̀ ẹ́, àfi ìgbà tó fi ìka méjì fà á, ni ìdajì ọ̀rọ̀ bá sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tì í sọ́tùn-ún sósì títí.

Mò ń tẹ̀ ẹ́ lọ, mò ń ṣe bí ọ̀gá, torí kò sí ohun tó wà níbẹ̀ tí mi ò tíì fẹnu ara mi sọ fún aláìsàn rí. Ó wá dé ibì kan: “Kí lẹ fẹ́ máa fi ojú yín ṣe láìwọ awò?” Ni mo bá dúró.

Láti kékeré ni ojú mi kì í ti í rí ọ̀ọ́kán. Awò ni mo fi ń rìn. Àmọ́ tí mo bá fẹ́ kàwé, tàbí tí mo bá fẹ́ fi òwú bọ abẹ́rẹ́, ṣe ni mo máa ń ti awò sókè orí, kí n gbé nǹkan náà sún mọ́ imú. Aṣọ rírán ni mo sì fi ń najú. Ní yàrá iṣẹ́ abẹ, tí a bá ti yọ lẹ́ńsì tó ti di kùrukùru, lẹ́ńsì àtọwọ́dá tó ń rí ọ̀ọ́kán la máa ń fi rọ́pò rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, torí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fẹ́ nìyẹn. Ibì kan ṣoṣo ni lẹ́ńsì tí wọ́n sábà máa ń lò yìí ti ń ríran dáadáa. Tó bá ti jẹ́ ọ̀ọ́kán, awò lèèyàn máa fi kàwé. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Àìmọye aláìsàn ni mo ti ṣàlàyé ẹ̀ fún. Kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé, bí èmi náà bá gba ti ọ̀ọ́kán, abẹ́rẹ́ mi ti lọ nìyẹn: ibi tí ojú mi ti ń ríran fúnra rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mo máa pàdánù rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dúró lórí ìbéèrè yẹn. Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, mo ní, “Dókítà, ìtòsí ni kẹ́ ẹ fi mí sí.” Ó wò mí. Ó ní, “Màmá, ṣé ó dá yín lójú? Ẹ ṣì máa wọ awò jáde nílé o.” Mo ní mo ti ń wọ̀ ọ́ jáde láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ńsì tó fi sí mi lójú, bíi ogójì sẹ̀ǹtímítà ló ti ń ríran kedere. Lálẹ́ àná, òwú dúdú ni mo fi bọ abẹ́rẹ́, lórí aṣọ dúdú.

Irinṣẹ́ yẹn ò kọ́ mi ní ohun kankan nípa ojú. Ìbéèrè tí mi ò bi ara mi rí ló bi mí, ó sì fún mi láyè láti gbé e lọ sílé.

Torí náà, jókòó ti bàbá. Má gbé fóònù lé wọn lọ́wọ́, ìwọ ni kó o kà á sókè. Tó bá sì ní ibi tó ti ń ka ara rẹ̀ sókè, tẹ̀ ẹ́. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ parí ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ bá ìwé ìbéèrè kan nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Catquest-9SF. Sweden ni wọ́n ti ṣe é, ìbéèrè mẹ́sàn-án péré ni: ṣé ojú ń yọ yín lẹ́nu láti ka ìwé ìròyìn, láti dá ojú èèyàn mọ̀, láti rí iye owó lára ọjà, láti rìn níbi tí ilẹ̀ ò ti tẹ́jú, láti ka ohun tí wọ́n kọ sójú tẹlifíṣọ̀n, láti ṣe iṣẹ́ ọwọ́… Ibẹ̀ ni kó o ti fara balẹ̀ jù. Pátákó lẹ́tà ara ògiri, èyí tí dókítà Snellen gbé jáde ní 1862, lẹ́tà dúdú kirikiri lórí funfun ni, nínú yàrá tí iná wà. Mo ti rí àgbàlagbà tó kà á débi tó kéré gan-an, tó sì jẹ́ pé lálẹ́, ẹsẹ̀ ló fi ń wá àtẹ̀gùn. Tí bàbá bá ní “kò sí wàhálà,” má tíì tẹ̀ ẹ́. Bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ka ìwé ìròyìn kẹ́yìn.

Ẹ máa dé ibi ewu. Àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn máa ń ya àwòrán èèyàn ọgọ́rùn-ún kéékèèké, wọ́n á wá fi pupa kun iye tí nǹkan lè ṣẹlẹ̀ sí. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó di lẹ́ńsì ojú mú, inú rẹ̀ ni wọ́n máa fi lẹ́ńsì tuntun sí. Awọ yìí lè ya lọ́wọ́ dókítà, nǹkan bí ẹnì kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Kòkòrò tó lè wọnú ojú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tó sì lè bà á jẹ́ pátápátá, kì í sábà tó ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún. Tó bá jẹ́ pé “ìdá báyìí” ni wọ́n kọ, sọ ọ́ di èèyàn fún bàbá, kí wọ́n lè rí i. Mo fi irú àwòrán yẹn han bàbá àgbà kan rí. Wọ́n fi ìka kà á láti òkè délẹ̀, wọ́n wá gbójú sókè, wọ́n ní, “Nọ́ọ̀sì, èwo nínú wọn ni èmi?”

Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín, torí ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo èèyàn gbé wọ yàrá dókítà gan-an nìyẹn. Ojú ọgọ́rùn-ún èèyàn ni irinṣẹ́ mọ̀. Dókítà tó ti yẹ ojú bàbá wò ló lè sọ bóyá ewu tiwọn ju ti àwòrán lọ: bóyá wọ́n ní gilokóómà, àìsàn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́, bóyá ọmọlójú wọn kì í là dáadáa, bóyá kataráàtì wọn ti le jù. Ìgbà náà ni mo rántí nǹkan kan tí bàbá ti lè tẹ̀ kọjá: ibi tí wọ́n ti bèèrè oògùn. Ṣé wọ́n ń lo tamsulosin, oògùn tí wọ́n máa ń fún àwọn ọkùnrin tí ìtọ̀ wọn kì í dà geere? Láti 2005 ni àwọn dókítà ojú ti kọ̀wé pé ó máa ń jẹ́ kí awọ tó yí ọmọlójú ká rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ. Tí dókítà bá ti gbọ́ ṣáájú, ó mọ bó ṣe máa múra sílẹ̀. Kí bàbá má dá a dúró fúnra wọn o. Dídá a dúró kì í mú ìṣòro náà kúrò. Kí wọ́n ṣáà sọ ọ́.

Tí wọ́n bá fẹ́ dúró ńkọ́? Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, dídúró fún oṣù mélòó kan kì í ba ìyókù ojú jẹ́. Kò sì sí pé ó gbọ́dọ̀ “gbó” kí wọ́n tó yọ ọ́ mọ́, ayé àtijọ́ nìyẹn. Tó bá gbó jù, ṣe ni iṣẹ́ abẹ rẹ̀ tún máa ń le.

Ní ti ẹjọ́ tó o sọ, kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ní 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní United Kingdom dájọ́ nínú ẹjọ́ Montgomery pé dókítà gbọ́dọ̀ sọ ewu tó ṣe pàtàkì sí aláìsàn tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, kì í ṣe èyí tí àwọn dókítà rò pé ó tó sọ. Ṣùgbọ́n wo ìdájọ́ yẹn dáadáa, ìbéèrè bàbá àgbà ọjọ́sí ló wà nínú ẹ̀.

*

“Mọ́mì, ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni mí, ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń wà, òru ló sì pọ̀ jù. Awò ti sú mi. Mo ṣe ìdánwò kan lórí áàpù ilé iṣẹ́ kan tó ń fi lésà tún ojú ṣe. Ìbéèrè mẹ́fà: ọjọ́ orí, nọ́ńbà awò, bóyá awò ń ni mí lára, irú eré tí mo fẹ́ràn, nọ́ńbà fóònù, ìgbà tí mo fẹ́ wá. Ó ní, ‘Ẹ kú oríire! Ẹ yẹ fún LASIK.’ Wọ́n fi àwòrán hàn mí, ti ìṣáájú ṣú, ti ẹ̀yìn mọ́ gaara. Ṣé kí n san àsansílẹ̀?” — Awakọ̀ Òru

Má san kọ́bọ̀.

Àwọn tó fẹ́ ta ọjà ló bi ọ́ ní ìbéèrè, méjì nínú mẹ́fà sì jẹ́ bí wọ́n ṣe máa rí ọ mú. Kò sí èyí tó bi ọ́ pé ìgbà wo lo ń wakọ̀. Irinṣẹ́ ìpinnu tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni láé pé “ìwọ, má ṣe é,” ìpolówó ni.

Wo èyí wàyí. Àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó ń bójú tó oògùn àti irinṣẹ́ ìṣègùn, dara pọ̀ mọ́ ilé ìwádìí ojú ti ìjọba wọn àti iléeṣẹ́ ológun wọn, wọ́n ṣe ìwádìí kan tí wọ́n pè ní PROWL. Wọ́n jẹ́ kí àwọn tó ṣe LASIK fúnra wọn dáhùn ìbéèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe lójú dókítà tó ṣe é fún wọn, torí èèyàn kì í fẹ́ já dókítà rẹ̀ kulẹ̀. Nínú àwọn tí ojú wọn kì í rí òbìrìkìtì ìmọ́lẹ̀, ìtànṣán tàbí nǹkan méjì-méjì kí wọ́n tó ṣe é, tó 46 nínú ọgọ́rùn-ún tó sọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé àwọn ti ń rí ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn. Nínú àwọn tí ojú wọn kì í gbẹ tẹ́lẹ̀, tó 28 nínú ọgọ́rùn-ún tí ojú wọn ti ń gbẹ. Kí n má fì sí apá kan: àwọn tí ohun tí wọ́n ń rí yìí dí lọ́wọ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn gan-an kò pé ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ èèyàn yọ̀ pé àwọn ṣe é. Àmọ́ ẹni tí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú á máa tàn sí lójú láti alẹ́ dé òwúrọ̀, kò lè ka òbìrìkìtì ìmọ́lẹ̀ sí nǹkan kékeré bí ẹni tó ń sùn ní aago mẹ́sàn-án.

Àwòrán tí wọ́n fi hàn ọ́, ọ̀sán ni, àbí? Bèèrè ti òru, tí iná ọkọ̀ wà nínú ẹ̀. Àwọn ohun ìṣàpẹẹrẹ tó dáa máa ń ní in, wọ́n á jẹ́ kó o fi ìka fa òbìrìkìtì náà kó fẹ̀ tàbí kó kéré.

Fóònù kankan kò lè sọ bí awọ iwájú ojú rẹ ṣe nípọn tó. Ẹ̀rọ ló ń wọ̀n ọ́n. Tó bá fẹ́lẹ́ jù, tàbí tó bá ti ń yọ ṣónṣó síwájú, wọn ò gbọ́dọ̀ fi lésà kàn án. Nọ́ńbà awò tó bá ṣì ń yí padà náà, kò tíì tó àkókò. Tó bá jẹ́ pé o ń lo lẹ́ńsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú, yọ ọ́ kúrò ṣáájú àyẹ̀wò: ọ̀sẹ̀ méjì fún èyí tó rọ̀, ó kéré tán mẹ́ta fún èyí tó le, torí ó máa ń yí bí ojú ṣe rí padà, wọ́n á wá wọ̀n ọ́n ṣì. Méjìdínlógójì lo sì pè é yẹn. Lẹ́yìn ogójì, ojú gbogbo wa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ fún awò ìkàwé, LASIK kì í dá ìyẹn dúró.

*

“Àbúrò mi Nọ́ọ̀sì, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí, mo sì ń lo fóònù dáadáa. Mo bi ẹ̀rọ tó ń fèsì ọ̀rọ̀, ti AI yẹn, pé irú lẹ́ńsì wo ni kí n ní kí wọ́n fi sí mi lójú. Ó ní multifocal ló máa dáa fún mi, kí n má baà wọ awò mọ́ rárá. Dókítà ní rárá, lẹ́ńsì lásán ni. Mo ní ìtọ̀ ṣúgà, ó ti kan ojú díẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé dókítà ń fi èyí tí kò tó nǹkan lé mi lórí?” — Ẹ̀gbọ́n Tó Mọ Fóònù

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ṣé ẹ sọ ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà yẹn fún ẹ̀rọ náà? Mo fura pé ẹ ò sọ ọ́, torí ìparí lẹ́tà lẹ ti sọ ọ́ fún èmi náà.

Lẹ́ńsì multifocal máa ń pín ìmọ́lẹ̀ ni, díẹ̀ fún ọ̀ọ́kán, díẹ̀ fún ìtòsí. Ojú tí rẹ́tínà rẹ̀ le koko, ìyẹn awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀, á fara mọ́ ọn. Èyí tí ìtọ̀ ṣúgà ti bá jà nílò gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó bá lè rí. Tí wọ́n bá tún pín in, ohun gbogbo á dà bí ẹni pé kùrukùru bò ó. Dókítà ti ń wo ẹ̀yìn ojú yín kó tó ní rárá. Nígbà tí dókítà ojú Harold Ridley kọ́kọ́ fi lẹ́ńsì àtọwọ́dá sí ojú èèyàn ní London ní 1949, inú ojú àwọn awakọ̀ òfuurufú tó jagun ló ti kọ́kọ́ wò, tó sì rí i pé ẹ̀rún ike ìbòrí ọkọ̀ wọn tó há síbẹ̀ kò mú ojú náà wú. AI yín ò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Mi ò ní kẹ́ ẹ pa á tì o. Ẹ ka ohun tó wà nínú ìwé àyẹ̀wò yín sí i, láìfi orúkọ yín sí i, kẹ́ ẹ ní kó túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó bá ta kókó, kó sì bá yín kọ ìbéèrè márùn-ún tẹ́ ẹ máa bi dókítà. Kí èkíní jẹ́: “Kí lẹ rí lẹ́yìn ojú mi tẹ́ ẹ fi ní rárá?”

*

“Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi fídíò iṣẹ́ abẹ kataráàtì ránṣẹ́ sí mi kí n lè mọ ohun tí mò ń lọ ṣe. Láti ọjọ́ yẹn mi ò sùn.” — Olóorun Jíjá

Pa á rẹ́. Ojú dókítà ni fídíò yẹn fi ń wò ó, láti inú ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan di ńlá. Ìwọ tó o wà lábẹ́ aṣọ kò ní rí abẹ. Wọ́n á kán oògùn tó ń pa ìrora sí ojú rẹ, ìmọ́lẹ̀ ńlá kan lo máa rí, lẹ́yìn náà àwọ̀ oríṣiríṣi, bí ẹni tó la ojú nínú omi tí oòrùn ń ràn sí. Àwọn kan máa ń rí nǹkan bí òjìji tó ń kọjá. Wàá máa gbọ́ ẹ̀rọ tó ń han. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wọ́n á ní kó o dìde. Tí àyà rẹ bá já láàárín rẹ̀, fẹnu sọ ọ́, má mi orí.